Ìwé Ẹ̀jẹ̀ àti Ọwọ́ Olósùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá fọn iná. Ẹ wọlé, ẹ fa àpótí, ẹ tẹ́ ẹní. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lápò, kó mú un jáde ká jọ jẹ ẹ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń dúró gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ obìnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń wo irin nínú iná tó fi ń mọ̀ pé ó ti tó lù, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo obìnrin tó ń bọ̀ lọ́nà tí mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé tàbí kò pé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ní Pobè yìí, ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló dùn. Kò sí iṣẹ́ tó dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tèmi dùn nígbà tó yá, ó sì dùn gan-an, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ta mí lójú.

Àgìdí lábẹ́ Sakété ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin àgbàdo, ìyá mi ń yan gaàrí. Mo kàwé dé sẹtifíkà, owó tán, mo jókòó sílé. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Dàhòmì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa, àsíá tuntun kò tíì ṣá lórí òpó. Ìjọba ń wá ọmọbìnrin tó lè kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kì í bà lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ, wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi, mo kọ ọ́, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó kéré, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni wọ́n fi mí sí, yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Sakété lọ sí Pobè. Matẹnité ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n ti wó o tipẹ́. Agbẹ̀bí tó ni ibẹ̀ ni Tàǹtí Felisité. Gùn ni, ọmọ Àjàṣẹ́, ó kọ́ṣẹ́ dé Dákà. Ó ga, ó gbẹ, kì í rìn, ńṣe ló máa ń já bọ́ sí ibi tí o kò rò ó sí. Ó gbọ́ Yorùbá wa dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, Gùn ló fi ń bú ènìyàn. Bó bá wá kọjá ti Gùn, a bọ́ sí Faransé. Bó bá ti fi Faransé bú ọ, kí o yáa lọ bọ́jú.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Fi ọwọ́ rẹ hàn mí."

Mo na ọwọ́ sí i.

"Lọ fọ̀ ọ́."

"Tàǹtí, mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó kúrò nílé."

"Omi ló fọ̀ ọ́. Ìwọ ò tíì fọ̀ ọ́."

Ọṣẹ kan odindi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Oṣù mẹ́fà gbáko lẹ́yìn náà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ó ní ojú ni yóò kọ́kọ́ kọ́ mi. Àwọn aboyún á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀, èmi á máa fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wo inú rẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á pupa bí òdòdó. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ, á máa ṣá. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ, á funfun bí inú àgbọn. Tàǹtí á dúró lẹ́yìn mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ sí i, á fi bírò kan mí lórí eegun ọwọ́.

Ó ní kí n máa fi ará ilé dánra wò. Mo wo ti ìyá mi, mo wo ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí kò sí ẹni tó kù mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti ewúrẹ́. Bàbá mi bá mi níbi tí mo ti di orí ewúrẹ́ mú tí mo ń fa ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ṣé òun náà lóyún fún ìjọba ni?"

"Bàbá, ẹ̀kọ́ ni."

"Ó dáa. Bó o bá parí, bá mi wo ti àgbò. Ó dà bíi pé kò rí ọ̀nà mọ́."

Oṣù keje ni Tàǹtí tó gbé ìwé ẹ̀jẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò rí irú rẹ̀ rí. Ó kéré bí ìwé àdúrà. Ewé inú rẹ̀ funfun, ó ń fa omi mu bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Páálí kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kun oríṣi pupa mẹ́wàá sí, láti orí èyí tó pọ́n gidi dé orí èyí tó ṣá pátápátá, ihò kékeré kan sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó gún ìka obìnrin, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ewé, a ó fà á kọjá lábẹ́ àwọn ihò yẹn títí a ó fi rí èyí tó bá a dọ́gba. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í dúró lórí mi, mo bá sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ga jù ni Ata Gbígbẹ. Ẹyìn Pípọ́n tẹ̀ lé e. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni mo pè ní Omi Ìfọran. Ohun tí mo ń kọ sínú ìwé ńlá nìyẹn. Dọ́kítà kan wá láti Àjàṣẹ́ wá yẹ ìwé wa wò, ó rí "Omi Ìfọran" níwájú orúkọ obìnrin kan, ó ní kí lèyí? Ojú ò ti Tàǹtí. Ó ní, "Mùsíyọ̀, bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ní Sakété nìyẹn."

Lẹ́yìn tó lọ tán ni Tàǹtí fi Gùn bú mi.

Iṣẹ́ ìwé ẹ̀jẹ̀ ní òfin. A ó fi òwú tí a rẹ sínú alukóòlù, ọtí funfun tí a fi ń pa kòkòrò, nu ìka obìnrin náà. A ó dúró kí ó gbẹ. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Tàǹtí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fadá, ó ní a ó ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run dé ibi oúnjẹ òòjọ́, nígbà náà ni kí a tó gún un. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, ibẹ̀ ni mo ti mọ àdúrà yẹn, mi ò sì mọ ohun tó kù lẹ́yìn oúnjẹ òòjọ́ títí di òní. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá yọ, a ó nù ún nù. Ìkejì ni a ń lò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn la fi ń wò ó. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni òfin tó ga jù: ojú jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, ìwé jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì.

"Bí ẹlẹ́rìí méjèèjì bá ń jà," Tàǹtí máa ń wí, "ìwọ kọ́ ni adájọ́. Pè mí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bẹ́ǹṣì yẹn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ayọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ní ọjọ́ tí Tàǹtí kọ́kọ́ sọ fún wọn pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, pé irin yẹn ló ń mú un pọ́n, pé oyún sì ń jẹ irin ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara wọn. Abẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹgbẹ́ mi ni, ìyàwó Ràímì alágbẹ̀dẹ, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí ọkọ rẹ̀ ń rọ lọ.

"Tàǹtí, ṣé kí n wá máa lá ọkọ́ tó wà nílé wa ni? Ó pọ̀ níbẹ̀."

"Fi ọkọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń roko. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni kí o jẹ. Jẹ ẹ̀wà. Jẹ ẹja gbígbẹ. Bí wọ́n bá pa adìyẹ nílé yín, ta ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ràímì ni."

"Ṣé Ràímì lóyún?"

Ẹ̀rín bẹ́. Tàǹtí ní kí wọ́n máa jẹ ìgbín pẹ̀lú, pé irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ariwo ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, aboyún kì í jẹ ìgbín, wọ́n ní ọmọ tó bá bí á máa da itọ́. Tàǹtí dìde, ó gba ọmọ oṣù márùn-ún kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ọmọ náà dé àyà.

"Ìyá ọmọ, ṣé o jẹ ìgbín?"

"Rárá o, Tàǹtí! Mi ò tọ́ ọ wò!"

Tàǹtí gbé ọmọ náà sókè kí gbogbo wọn rí i. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìgbín ní kọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bá Tàǹtí jà jù ni kalabá, amọ̀ funfun tí wọ́n ń yan tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bí oyún bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọ̀fun rẹ̀ ń wá amọ̀. Wọ́n ń fi í pamọ́ sínú gèlè, wọ́n ń so ó mọ́ etí ìró, Abẹ̀kẹ́ ń tọ́jú tirẹ̀ sábẹ́ ẹní. Tàǹtí ní bí irin inú ẹ̀fọ́ bá dé ikùn, amọ̀ á dì mọ́ ọn, wọ́n á jọ jáde, ilẹ̀ á sì gba irin rẹ̀ padà. Kò nílò kó tú gèlè ẹnikẹ́ni. Á kàn tẹ̀ síwájú obìnrin, á fà á símú.

"Òórùn òjò ń jáde lẹ́nu rẹ. Láti ìgbà wo ni òjò ti rọ̀ kẹ́yìn ní Sakété?"

Ọ̀rọ̀ tí mo pè yín sí wá dé. Ọdún kẹta mi ni. Abẹ̀kẹ́ lóyún ẹ̀kẹta, ó wà nínú oṣù kẹjọ. Lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ń gbé ìyàwó ní agboolé alágbẹ̀dẹ, àbúrò Ràímì obìnrin ló ń lọ sílé ọkọ. Ìyá àgbà kan wà nínú agboolé náà tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Olósùn. Ìyàwó bàbá Ràímì tó ti kú ni, kò bímọ rárá, yàrá tó gbẹ̀yìn ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni lílọ osùn, igi pupa tí a ń kun ìyàwó lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ kí ara rẹ̀ lè máa dán. Ọjọ́ mẹ́ta ni Abẹ̀kẹ́ fi bá a lọ osùn, tí wọ́n ń kun ìyàwó, tí wọ́n ń kọrin.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n wá pe Tàǹtí sí ìrọbí kan tó le ní Pobè. Ó fi matẹnité sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ ọjà ni, bẹ́ǹṣì kún, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ kí Tàǹtí dé kó bá gbogbo iṣẹ́ ní píparí, kó sì yìn mí. Ìkánjú gun orí mi. Nígbà tó kan Abẹ̀kẹ́, mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ó funfun. Mo rí i pé ó funfun, ẹ gbọ́ o. Mo fi alukóòlù nu ìka rẹ̀, mi ò ka àdúrà kankan, mo gún un nígbà tí ìka náà ṣì tutù, ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo sì kán sórí ewé. Mo gbé e sábẹ́ ihò. Ata Gbígbẹ!

Ẹlẹ́rìí méjèèjì ń jà. Mo sọ ara mi di adájọ́. Mo ní èéfín igi ìdáná ìyàwó ló ba ojú rẹ̀ jẹ́, pé ìwé kì í purọ́.

"Abẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ pé ju ti akọ màlúù lọ."

Ó dìde, ó jó yí bẹ́ǹṣì ká pẹ̀lú oyún rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agboolé alágbẹ̀dẹ ti gbọ́ pé ìwé ìjọba ní ẹ̀jẹ̀ Abẹ̀kẹ́ pé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló rọbí. Ó bí ọmọkùnrin kan láàárọ̀, ọmọ náà ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára Abẹ̀kẹ́ kò pọ̀, irú èyí tí obìnrin mìíràn á dà táá sì dìde lọ wẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní èyí tí yóò dà. Ètè rẹ̀ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òtútù ń mú òun nínú oòrùn. Tàǹtí fa ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì fi Faransé pariwo.

"Ta ló wo obìnrin yìí kẹ́yìn?"

Mo ní èmi ni. Kò wo ojú mi. Ó sáré dé etí títì, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Kamíọ̀nù kan tó kó ekùrọ́ láti Pobè ló dá dúró. Orí àpò ekùrọ́ ni a tẹ́ Abẹ̀kẹ́ sí, Tàǹtí di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú sókè, Ràímì àti àbúrò rẹ̀ Sàlámì gun ẹ̀yìn, ó di Àjàṣẹ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ Sàlámì ló bá tirẹ̀ mu ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fà á sí i lára. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti bèèrè oúnjẹ, pé ó sì ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà pé iyọ̀ ò tó. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí.

Kò parí. Ìyá mi ló ti ọjà dé tó sọ ọ́ fún mi. Ní agboolé alágbẹ̀dẹ, wọ́n ń wí pé ìwé ìjọba ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ Abẹ̀kẹ́ pé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ẹ̀jẹ̀ ò sí mọ́. Ta ló mu ún? Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí ọlọ? Ẹnìkan sì pa òwe náà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n ti kó ìkòkò Ìyá Olósùn síta. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, baálé yóò sọ ọjọ́ tí yóò jáde kúrò nínú ilé. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò lọ́mọ tí yóò sá tọ̀ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà gan-an ni Tàǹtí padà dé láàárọ̀. Kò bọ́ bàtà, ó ní kí n gbé ìwé ńlá wá, níbi tí a ń lẹ ewé ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ó ṣí ti Abẹ̀kẹ́. Ó gbé e lọ sínú oòrùn. Ó fi ti àwọn tó kù wé e.

"Wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́, kí ló ń dà?"

"Ó ń dúdú, Tàǹtí. Ó ń dà bí ìpẹtà."

"Èyí ńkọ́?"

Ti Abẹ̀kẹ́ ṣì pọ́n rokoso, òrùka pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí i ká.

"Kí ni obìnrin yìí ń ṣe lọ́sẹ̀ náà?"

"Wọ́n ń lọ osùn."

"O ka àdúrà dé ibo?"

Mo ní, "Mi ò kà á rárá, Tàǹtí."

Ó pa ìwé dé. Ó ní omi àti ọṣẹ kì í ṣí osùn kúrò lára, ó ń bẹ nínú ojú ìlà ìka, ṣùgbọ́n alukóòlù ń pè é jáde. Osùn ló pọ́n lórí ewé yẹn, ẹ̀jẹ̀ Abẹ̀kẹ́ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ ṣáájú kó tó wá jókòó síwájú mi.

Mo sọ ti Ìyá Olósùn fún un.

"Mo lè lé ọ lónìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá lé ọ, ta ni yóò lọ sọ fún wọn? Ìwọ lo sọ pé ẹ̀jẹ̀ pé. Láti ẹnu rẹ ni wọn yóò ti gbọ́ pé kò pé. Bó o bá sọ ọ́ tán, kí o padà wá, ká wá wo bóyá o ṣì níṣẹ́."

Ó gbé ìgò alukóòlù àti òwú lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà yẹn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí n yà sí Àgìdí, kí n lọ máa bá ìyá mi yan gaàrí.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ńlá tó wà lójúde wọn. Ìyá Olósùn jókòó lórí ọlọ rẹ̀ níta, láàárín ìkòkò rẹ̀, bí ẹni tó ń retí kamíọ̀nù. Mo kúnlẹ̀ níwájú baálé.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ń wá ẹni tó mu ẹ̀jẹ̀ Abẹ̀kẹ́. Èmi rèé."

Ìyá ìyàwó figbe ta. Baálé ní, "Ìwọ ọmọ Àgìdí, kí lò ń wí?"

Mo rò ó fún wọn, látorí ìkánjú mi dórí àdúrà tí mi ò kà. Wọn ò gbà. Sàlámì, tí òun àti Ràímì ti bá Tàǹtí padà dé láàárọ̀, ní Tàǹtí ló rán mi kí n wá gba ìyá àgbà sílẹ̀. Mo bá ní kí wọ́n pe ìyàwó tuntun, tó wá kí wọn nílé lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó fọ̀ ọ́, omi náà mọ́. Mo rẹ òwú, mo fi nu ìka rẹ̀. Òwú pọ́n.

Mo nu ìka ìyá rẹ̀. Ó pọ́n. Nígbà náà ni Ìyá Olósùn sọ̀rọ̀ láti ibi tó wà.

"Ẹ nu ti baálé."

"Tèmi bí ti báwo?" ni baálé wí.

"Ta ló fi osùn súre fún ìyàwó lórí? Ẹ nu ti baálé o."

Baálé na ìka kan bí ẹni tí ejò fẹ́ bù jẹ. Mo nù ún. Òwú pọ́n. Sàlámì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Yéè! Baálé náà ti mu níbẹ̀!" Gbogbo agboolé wó lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, baálé alára ń nu omijé. Àwọn ọmọdé na ọwọ́, wọ́n ní kí n nu tàwọn.

Ràímì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó mu ún, níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà gbà lọ? Mo ní kó lọ wo abẹ́ ẹní Abẹ̀kẹ́. Ó wọlé, ó gbé agbọ̀n kalabá kan jáde, ó tó èyí tí a fi lè rẹ́ ògiri.

"Olè náà nìyí," mo ní.

Baálé dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò àkọ́kọ́ padà sínú yàrá. Ìyá Olósùn kò tíì dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní mo mu ẹ̀jẹ̀, ẹran gan-an, ṣé ẹ rí mi kí n máa jẹ ẹ́? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi?" Lẹ́yìn náà ló pè mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó gbá mi létí. Ó wá di orí mi mú, ó gbé e lé àyà rẹ̀.

Tàǹtí kò lé mi. Ó gba ìwé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dá mi padà sídìí ìpéǹpéjú fún oṣù mẹ́fà mìíràn. Abẹ̀kẹ́ dé láti Àjàṣẹ́, ara rẹ̀ ń dán, ó sì fún mi lórúkọ. Akọ Màlúù ló pè mí títí ayé, lọ́jà, lójú ọ̀nà, níwájú ọkọ tí mo fẹ́.

Ọdún ń yí. Nígbà tó yá wọ́n gbé mi lọ sí Pobè. Ìwé ẹ̀jẹ̀ kógbá sílé, wọ́n kó ẹ̀rọ kan wá tó ń yí bí òòyì pẹ̀lú ìgò tín-ín-rín. Oògùn irin dé, oníhóró pupa. Èyí náà ní ìjà tirẹ̀, nítorí ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àwọn obìnrin ń dà á sínú igbó pé a fẹ́ pa wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn ṣáájú: "Bí kò bá dúdú, kẹ́ ẹ wá bá mi jà." Wọ́n ń wá láàárọ̀ wá kí mi tayọ̀tayọ̀ pé ó dúdú. Ní àwọn abúlé kan ní ìhà Pobè, gẹ̀gẹ̀ ni mo bá lọ́rùn àwọn obìnrin. Kì í ṣe irin ló ṣe wọ́n, iyọ̀ ni, iyọ̀ wọn kò ní ohun tí ọrùn ń fẹ́. Nígbà tí iyọ̀ tuntun dé ọjà, èmi àti ìyálóde oníyọ̀ la jọ ń polówó rẹ̀, ohùn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn di alùpùpù, alùpùpù di zẹmijàn tí ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yòówù kó dé, mi ò fọwọ́ kàn án láì kọ́kọ́ fa ìpéǹpéjú wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì wà tí iná ò sí tí ojú nìkan ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ẹni tó jogún kí ni. Nígbà tí Tàǹtí padà sí Àjàṣẹ́ láti lọ sinmi, àga rẹ̀ di tèmi, ìbínú rẹ̀ náà sì di tèmi. Faransé rẹ̀ nìkan ló mú lọ. Àga yẹn wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin ará Ìkpìnlẹ̀ kan tí mo kọ́, ó le jù mí lọ. Ọmọ tí Abẹ̀kẹ́ bí lọ́jọ́ yẹn kò bá wa ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ ńlá, ó jogún ariwo ìyá rẹ̀.

Ìyá Olósùn pẹ́ láyé. Yàrá rẹ̀ di ti Abẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, baálé tuntun ní kí ọmọ òkú jáde síwájú kí wọ́n lè kí i. Olúkúlùkù nínú agboolé ń wo ilẹ̀. Abẹ̀kẹ́ ló tì mí lẹ́yìn.

"Akọ Màlúù, jáde. Ó ti sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Ó ní ìwọ ni."

Mo jáde. Mo jókòó síbi tí àkọ́bí ń jókòó sí, èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di àjẹ́. Wọ́n tò, wọ́n ń kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀yìn ìyá mi yóò dára. Mo dá gbogbo wọn lóhùn.